Òjìji Tí A Yà Sọ́tọ̀: Bí Àwòrán Tuntun Ṣe Ń Wọ Ipò Ti Àtijọ́ Nínú Fídíò

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ní kí a ṣe fídíò kúkúrú tí yóò sọ ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ wa, inú gbọ̀ngàn àtijọ́ ni a kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà lọ. Gbogbo ẹni tó ti jókòó nínú gbọ̀ngàn náà ni yóò rántí àwòrán ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ tó wà lára ògiri, nínú férémù pákó ìrókò. Ọ̀rinrin ti ba àwòrán náà jẹ́ gan-an, ojú rẹ̀ ti ṣú, igun kan sì ti ṣí kúrò lára páálí. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ní ẹ̀dà tó mọ́ lọ́wọ́. A wá pinnu pé a ó ya ògiri náà bó ṣe wà, a ó sì fi ẹ̀dà tó mọ́ rọ́pò èyí tó bàjẹ́ lórí kọ̀ǹpútà.

A ṣe é. A ṣe é dáadáa, lójú tiwa. Àwòrán tuntun bá férémù mu régérégé ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi han ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́, ìyá kan láàárín wọn mi orí, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n àwòrán yìí kò sí lára ògiri. Ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú tẹlifíṣàn.” A bi í pé kí ló rí. Kò lè sọ ọ́. Ó ṣáà mọ̀ pé ohun kan kò tọ̀nà.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni a tó rí i. Igi máńgòrò kan wà lẹ́yìn fèrèsé gbọ̀ngàn náà, ní ìhà ìlà-oòrùn. Ní òwúrọ̀, oòrùn a máa gba àárín ewé rẹ̀ wọlé, òjìji ewé náà a sì máa jó lára ògiri. Nínú fídíò wa, òjìji yìí rìn lórí ògiri títí ó fi dé etí férémù, ó pòórá, ó sì tún jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tí a yọ àwòrán àtijọ́ kúrò, a ti yọ òjìji tó wà lórí rẹ̀ kúrò pẹ̀lú, láìmọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló ń fi irú iṣẹ́ yìí jẹun báyìí. Àwọn ni wọ́n ń ṣe fídíò ìgbéyàwó, ti ìsìnkú, ti ìpolówó ọjà àti ti ìdúpẹ́ nínú ìjọ, ní Ore níhìn-ín, ní Odigbo, ní Oǹdó àti ní Èkó. Ó yẹ kí òbí tó ń rí ọmọ rẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà títí di òru mọ ohun tí ọmọ náà ń ṣe, kí ó sì mọ ibi tí ewu wà nínú rẹ̀.

Kí ni òjìji?

Àwọn àgbà máa ń sọ pé òjìji kì í bẹ̀rù ọ̀fìn. Ibi gbogbo ni òjìji ń wọ̀. Ó ń wọ kòtò, ó ń gun ògiri, ó ń kọjá lórí aṣọ olówó àti àkísà, kò sì mú ọ̀kankan kúrò ní ipò rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe ni pé ó ń dín ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kù. Aṣọ pupa tó wọ inú òjìji ṣì jẹ́ aṣọ pupa, pupa rẹ̀ ló dínkù.

Kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà tó fi ń ka ìmọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi òdo pe òkùnkùn biribiri, kí a sì fi 1 pe funfun tó mọ́ jù lọ. Bí páálí funfun bá jẹ́ 0.9 nínú oòrùn, tó sì di 0.36 nígbà tí òjìji ewé bọ́ sórí rẹ̀, a ó fi 0.9 pín 0.36, a ó sì rí 0.4. Ìtumọ̀ èyí ni pé nínú gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó dé ibẹ̀, ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló kù. Iye yìí, 0.4, ni òjìji fúnra rẹ̀. Kò jẹ́ ti páálí mọ́. A lè gbé e kúrò lórí páálí kí a gbé e sórí ohunkóhun mìíràn. Bí ojú ọ̀gá àgbà nínú àwòrán bá jẹ́ 0.5, a ó fi 0.4 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò di 0.2. Bí ẹ̀wù dúdú rẹ̀ bá jẹ́ 0.1, yóò di 0.04. Òjìji kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun kọ̀ọ̀kan ṣókùnkùn gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tirẹ̀. Nínú àwọn sọ́fítíwíà tí àwọn ọmọ wa ń lò, orúkọ tí wọ́n ń pe ìṣirò yìí ni multiply.

Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò kàn da àwọ̀ eérú bo àwòrán ni. Eérú náà yóò sọ ẹ̀wù dúdú di ràkọ̀ràkọ̀, ojú àwòrán yóò sì dà bí ẹni tí ẹ̀ẹ́fín bò. Àwa tí a ń gbé ní ìlú tí wọ́n ti ń la pákó lójoojúmọ́ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín pákó tí eruku bò àti pákó tó wà lábẹ́ ibòji.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà nìkan ni ọgbọ́n à-ń-pa-àwòrán-pọ̀ ti wá. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan, tẹ àpilẹ̀kọ jáde nínú ìwé ìròyìn African Arts lórí iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Yorùbá, pàápàá àwọn tó wà ní Ìlá Ọ̀ràngún. Lára ohun tó ṣàlàyé ni àwòrán ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, àwọn òbí a máa gbé èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán. Ayàwòrán náà yóò tẹ àwòrán ọmọ kan ṣoṣo yìí lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, tó fi jẹ́ pé lójú ẹni tó ń wò ó, Táíwò àti Kẹ́hìndé jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, èyí tó kù yóò wọ aṣọ ọkùnrin lẹ́ẹ̀kan, yóò sì wọ aṣọ obìnrin lẹ́ẹ̀kejì.

Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Inú yàrá òkùnkùn ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọn yóò fi nǹkan bo apá kan ìwé fọ́tò nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń tẹ apá kejì, wọn yóò sì yí i padà. Ìṣòro tí wọ́n ní kò yàtọ̀ sí tiwa: ojú ibi tí apá méjèèjì ti pàdé kò gbọdọ̀ hàn. Ẹ jẹ́ kí a tún kíyèsí ohun kan tí a ó padà sí níwájú. Kò sí ẹni tí wọ́n tàn jẹ. Ìyá mọ̀, bàbá mọ̀, ayàwòrán náà mọ̀. Ìfẹ́ àti ìrántí ni wọ́n fi ṣe é.

Bí a ṣe ya òjìji sọ́tọ̀

Ní ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú, àwọn tó ń ṣe fíìmù tètè rí i pé òjìji ní láti dá dúró. Nínú fíìmù Who Framed Roger Rabbit, tó jáde ní ọdún 1988, ehoro tí a fi ọwọ́ yà lórí ìwé ń rìn láàárín àwọn ènìyàn gidi. Wọ́n ya ehoro náà lọ́tọ̀, wọ́n ya òjìji rẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ fíìmù àwọn òṣèré. Ohun tó jẹ́ kí ojú gbà pé ehoro náà wà nínú yàrá ni òjìji tó ń bá a rìn.

Ṣáájú ìgbà náà, ní ìparí àwọn ọdún 1970, Alvy Ray Smith àti Ed Catmull, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní New York Institute of Technology, ti gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Yàtọ̀ sí iye mẹ́ta tó ń sọ bí pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀ka àwòrán kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi iye kẹrin kún un, tí wọ́n pè ní alpha. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ bí ẹ̀ka náà ṣe bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ tó. Ní ọdún 1984, Thomas Porter àti Tom Duff, tí wọ́n wà ní ilé-iṣẹ́ Lucasfilm, kọ òfin ìṣirò tí a fi ń to irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lé ara wọn. Òfin yẹn náà ni sọ́fítíwíà inú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ore ń lò títí di òní.

Ní ti àwòrán inú gbọ̀ngàn, ọ̀nà tí a gbà rọrùn. A padà síbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ní wákàtí kan náà. A fi páálí funfun sínú férémù, ní ipò àwòrán, a gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó má baà mì, a sì ya ògiri náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Nísinsìnyí, òjìji ewé ń jó lórí ògiri, ó ń wọ orí páálí, ó sì ń jáde, láìdánu dúró. Páálí funfun náà di ìwé tí òjìji kọ ara rẹ̀ sí. A fi iye páálí nínú oòrùn pín iye rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, a rí òjìji nìkan, a sì gbé e sórí àwòrán tuntun.

Apá kejì fídíò náà le díẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni a ti kọ́ ìwé àwòrán ńlá kan tó ń ṣí, tí àwòrán ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ń tẹ̀lé òmíràn lórí ojú ìwé rẹ̀, tí òjìji ewé sì ń kọjá lórí wọn. Níhìn-ín kò sí ògiri gidi kankan. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà àti ibi tí kò gbà. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Fídíò ìṣẹ́jú àáyá 10, tí ó ní àwòrán 25 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, jẹ́ àwòrán 250. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba kọ̀ǹpútà ní ìṣẹ́jú 2, gbogbo rẹ̀ di ìṣẹ́jú 500, èyí tó ju wákàtí 8 lọ. Bí a bá parí rẹ̀ tán, tí ẹgbẹ́ kan wá sọ pé àwòrán àwọn kọ́ ni a lò, ṣé a ó tún ra epo sínú jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí 8 mìíràn ni?

Ìyà yìí ni yíya òjìji sọ́tọ̀ gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. A ní kí kọ̀ǹpútà ya òjìji nìkan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, sínú fáìlì tirẹ̀ pẹ̀lú alpha. Àwòrán ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wà ní ìsàlẹ̀, òjìji wà lókè. Bí àwòrán bá yí padà, òjìji kò kúrò níbi tó wà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń gbà, kì í ṣe òru kan gbáko. Blender ni a fi ṣe é, sọ́fítíwíà tí Ton Roosendaal, ará Netherlands, bẹ̀rẹ̀, tí ó sì ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé láti ọdún 2002. Òun náà ni wọ́n fi ṣe fíìmù Flow, tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar ní ọdún 2025. Owó sọ́fítíwíà kọ́ ló ń dí ọmọ Ore lọ́nà mọ́. Iná àti sùúrù ló kù.

Àwọn àṣìṣe tí a ṣe

Àkọ́kọ́, a fi òjìji lé òjìji. Nínú ẹ̀dà àwòrán kan tí wọ́n fi fóònù yà fún wa, òjìji ọwọ́ ẹni tó yà á ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí tiwa bọ́ sórí rẹ̀, 0.5 pàdé 0.5, ó di 0.25, ibẹ̀ sì ṣú bí òru. A ní láti kọ́kọ́ fọ àwòrán náà mọ́.

Èkejì, níbi tí ewé méjì ti bo ara wọn, a fi òjìji ọ̀kan sọ ti èkejì di púpọ̀. Kò tọ̀nà. Oòrùn kan ṣoṣo ló wà. Bí ewé kan bá ti dí i pátápátá, ewé kejì kò ní ohun tí yóò tún dí mọ́. Èyí tó ṣókùnkùn jù nínú àwọn méjèèjì ni kí a mú, kí a fi èkejì sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, a jẹ́ kí etí òjìji mú ṣáṣá bí abẹ. Oòrùn tóbi lójú ọ̀run, kì í ṣe bí ojú abẹ́rẹ́, nítorí náà etí òjìji máa ń rọ̀ bí ohun tó ń dí i bá ṣe jìnnà sí ògiri tó. Ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún jíjìnnà náà. Ewé tó wà ní mítà 5 sí ògiri yóò ní òjìji tí etí rẹ̀ rọ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 5.

Ẹ̀kẹrin, a da oríṣi ìṣirò méjì pọ̀. Fáìlì fọ́tò kì í kọ ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Nǹkan tó ní ìdajì ìmọ́lẹ̀, nǹkan bíi 0.73 ni wọ́n ń kọ fún un, kí ojú wa lè rí inú òkùnkùn dáadáa. Òjìji tí kọ̀ǹpútà ṣírò wà ní ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ gidi. Bí a bá fi òjìji 0.5 yìí lé fọ́tò bẹ́ẹ̀ láìṣe àyípadà, ìmọ́lẹ̀ tó kù kò ní tó ìdajì mọ́, yóò já sí nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. A gbọ́dọ̀ sọ méjèèjì di oríṣi kan kí a tó pa wọ́n pọ̀.

Ìkarùn-ún, a gbàgbé gíláàsì. Dídán tó wà lójú gíláàsì férémù kì í ṣe ara àwòrán, òjìji orí àwòrán kò sì gbọdọ̀ pa á. Ètò tó tọ́ nìyí: àwòrán ní ìsàlẹ̀, òjìji lé e, dídán gíláàsì lókè gbogbo rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé le

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti wo Aníkúlápó, tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní ọdún 2022, ẹ sì rí ẹyẹ Àkàlà tó jí Ṣàró dìde. Ẹ ti gbọ́ nípa Ìwájú, tí àwọn ọ̀dọ́ ilé-iṣẹ́ Kugali bá Disney ṣe, tó jáde ní ọdún 2024, tí gbogbo Èkó inú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹni tó pe ìyẹn ní irọ́, nítorí ìtàn ni wọ́n pè é, ìtàn ni a sì bá wò ó.

Ṣùgbọ́n fídíò ilé-ẹ̀kọ́ wa kì í ṣe ìtàn àlọ́. Nígbà tí iṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í dára, àwọn kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bẹ̀ wá, pẹ̀lú ọkàn rere, pé kí a mú olóògbé ọ̀gá àgbà wa dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, láàárín wa, kí ó máa juwọ́. A mọ̀ pé a lè ṣe é. A mọ bí òjìji rẹ̀ yóò ṣe sùn sórí ilẹ̀, ní apá ibi tí ti àwa yòókù sùn sí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ì bá sunkún ayọ̀. Àwọn ọmọ tí a óò bí lẹ́yìn wa ì bá sì gbà pé bàbá náà wà láyé lọ́jọ́ tí a ṣe àjọ̀dún yìí.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà lọ, mo rò ó bọ̀. Mo rántí pé ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, ogun abẹ́lé dé Ore yìí, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba Midwest kọjá wá, kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn dúró níhìn-ín. Àwọn àgbà tó rí i ń dínkù lọ́dọọdún. Bí ọmọ kan bá mú àwòrán ojú ọ̀nà Ore lónìí, tó fi sójà àti ọkọ̀ ogun sí i, tó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òjìji tó tọ́, ta ni yóò kù láti sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí? Òjìji ni ẹ̀rí tí ojú ènìyàn tètè máa ń gbà gbọ́. Nínú Bíbélì pàápàá, nígbà tí ọba Hesekáyà béèrè àmì, òjìji tó padà sẹ́yìn ní ìwọ̀n mẹ́wàá ni àmì tí a fún un. Ẹni tó bá kọ́ bí a ṣe ń ṣe òjìji ti kọ́ bí a ṣe ń ṣe ẹlẹ́rìí. Ó yẹ kí ó mọ̀ pé ẹlẹ́rìí lè jẹ́ ẹlẹ́rìí èké.

A kọ̀wé sí ìdílé olóògbé, a sì béèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ dá wa lóhùn pẹ̀lú gbólóhùn kan ṣoṣo: “Ẹ jẹ́ kí bàbá wa wà nínú férémù.” Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe. A tún kọ ọ́ sí ìparí fídíò náà, ní lẹ́tà tó hàn gbangba, pé àwòrán inú gbọ̀ngàn jẹ́ ẹ̀dà tó mọ́ tí a fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́, àti pé kọ̀ǹpútà ló ṣe ìwé àwòrán tó ń ṣí. Bí ti àwọn òbí ìbejì àtijọ́ ni a fẹ́ kí ó rí, kí gbogbo ẹni tó ń wò ó mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ọmọ yín bá fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn yín, ẹ yìn ín. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní ìbéèrè méjì: “Níbo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá?” àti “Ṣé àwọn tí yóò wò ó mọ ohun tí o pààrọ̀?” Ìbéèrè àkọ́kọ́ yóò sọ ọ́ di oníṣẹ́ ọnà tó mọṣẹ́. Ìkejì yóò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ níye lórí láàárín àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, a tún fi fídíò náà han ìgbìmọ̀. Ìyá tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ jókòó ní iwájú. Òjìji ewé máńgòrò rìn lórí ògiri, ó gun férémù, ó kọjá lójú ọ̀gá àgbà wa jẹ́jẹ́, ó sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìyá náà kò tíì mọ ohun tí a ṣe sí i. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó ti wà lára ògiri báyìí.”